Ìlù Wa Ń Dún Lókè Òkun, Ta Ló Ń Gbọ́ Ohun Tó Ń Sọ?

Ọ̀rọ̀ ìlù la gbé wá lónìí. Kì í ṣe ti èyí tí wọ́n ń lù fún wa níbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé nìkan, bí kò ṣe ìlù àti ijó Yorùbá tí wọ́n ń gbé sọdá òkun lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ èdè wa. Bí a bá gbọ́ pé wọ́n lu bàtá ní ìlú òyìnbó, tí gbogbo gbọ̀ngàn dìde pàtẹ́wọ́, inú wa a máa dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí ẹ bá wa gbé yẹ̀wò. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ yẹn, kí ni wọ́n gbọ́? Àwọn ọmọ tiwa tí a bí síhìn-ín ńkọ́, ṣé wọ́n gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ jẹ́ kí a gbà á láti ọ̀dọ̀ olóògbé Dúró Ládípọ̀, ará Òṣogbo. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún nínú wa kò ní gbàgbé orúkọ yìí. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni, orin ìjọ ló sì kọ́kọ́ ń kọ. Nígbà tó gbé ìlù ilẹ̀ wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo fún orin ọdún Àjíǹde, àwọn kan nínú ìjọ fárígá, wọ́n ní ìlù kèfèrí ni. Ládípọ̀ kó ìlù rẹ̀ síta. Ní 1962, òun àti Ulli Beier, òyìnbó tí wọ́n bí ní Jámánì, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe eré Ọba Kò So ní 1963. Nígbà tó fi máa di 1964, eré náà ti dé Bàlíìnì. Ní 1965, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Ní 1975, ó dé Amẹ́ríkà. Ìlù tí wọn kò gbà láàyè nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, Bàlíìnì tẹ́ ẹní fún un.

Ẹ wá kíyè sí ohun kan. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe eré náà, bàtá àti dùndún ló sì gbé e dúró. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn náà mọ̀ pé Ṣàngó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, ó tún rán Gbọ̀ọ́nkáà lọ mú un wá, títí ọ̀rọ̀ fi di wàhálà sí Ṣàngó fúnra rẹ̀ lọ́rùn. Bí ọba bá yọ sójú agbo, ìyáàlù bàtá á ki í, ẹsẹ̀ ọba á dáhùn. Bí ìlù bá yí ọ̀rọ̀ padà, ejìká á yí padà. Ará Bàlíìnì tó jókòó sórí àga rí aṣọ pupa, ó rí irun dídì, ó rí bí ejìká ṣe ń gbọ̀n, ó sì gbọ́ dídún tó ń wọ ni lára. Kò mọ̀ pé wọ́n ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yó, etí rẹ̀ kò yó. A kò fi èyí bú u o. Bí wọ́n bá gbé wa lọ síbi tí wọ́n ti ń kọrin Jámánì, ẹnu wọn ni àwa náà yóò kàn máa wò.

Fún àǹfààní àwọn ọ̀dọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Ọkọ tí obìnrin ń fẹ́, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ tí a wọ̀ wá sí Kánò, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ gbé lọ́wọ́, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyáàlù dùndún ní ọ̀ṣán tó so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bí onílù bá fún ọ̀ṣán yìí mọ́ra, awọ á le, ohùn á gòkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Kọ̀ǹgọ́ ló ń na awọ, ọwọ́ kejì ló ń pààrọ̀ ohùn.

Ṣùgbọ́n ìlù kò ní ètè, kò sì ní ahọ́n. Ilé, owó, iṣẹ́, ọkọ́: bákan náà ni gbogbo wọn ń dún lórí ìlù. Báwo wá ni olùgbọ́ ṣe ń mọ èyí tí onílù ní lọ́kàn? Ìdí nìyí tí onílù kì í fi í dá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Oríkì ló ń sọ, òwe ló ń pa, gbólóhùn gígùn tí àwọn tó wà níbẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré. Bó bá ti mú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, olùgbọ́ á ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tí kò mọ oríkì, tí kò gbọ́ òwe, bó tilẹ̀ ń sọ Yorùbá látàárọ̀ dalẹ́, ìlù yóò kọjá lára rẹ̀ ni. Bàtá tún le ju ìyẹn lọ. Kò ṣe é fún mọ́ra bíi dùndún, ojú méjèèjì ni wọ́n fi ń pín ohùn, àwọn àgbà a sì máa pè é ní akólòlò. Àwọn onílù bàtá tilẹ̀ ní ẹnà tiwọn tí wọ́n fi ń sọ láàárín ara wọn ohun tí ìlù wí.

Àwọn agbẹ́lù gbàgbọ́ pé igi ọ̀mọ̀ tó hù lẹ́bàá ọ̀nà dára fún ìlù, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọjá. Ẹ gbọ́ ná: kí igi tó di ìlù, ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá!

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé iṣẹ́ ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tó wàjà ní 1975, máa ń lu ìlù fúnra rẹ̀, ó sì kọ̀wé nípa ìlù. Ọba aládé ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí òkè òkun. Àwọn eléré orí ìtàgé kọ́ ló kọ́kọ́ gbé ìlù wa sọdá omi. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni wọ́n tà sí Kúbà àti Bùràsílì. Wọn kò rí ìlù gbé lọ́wọ́, orí ni wọ́n gbé e sí. Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé ará Kúbà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní nǹkan bí 1830, ọkùnrin méjì tí wọ́n ń jẹ́ Añabí àti Atandá gbẹ́ bàtá ní Havana, wọ́n sì ṣe gbogbo ètùtù rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é nílé. Ẹ tún orúkọ yẹn pè dáadáa. Añabí, ṣé kì í ṣe Àyánbí ni? Títí di òní, Añá ni wọ́n ń pe òrìṣà inú ìlù níbẹ̀, Àyàn tiwa náà ni. Ìlù wọn mẹ́ta, iyá, itótele àti okónkolo, orí itan ni wọ́n ń gbé wọn lé lórí ìjókòó, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n sì fi ń lu ojú méjèèjì. Tiwa, ọrùn là ń gbé e kọ́, ọwọ́ ń lu ojú ńlá, bílálà ń na ojú kékeré.

Onílù Kúbà mọ èyí tí wọ́n ń lù fún Ṣàngó, ó mọ ti Ọ̀ṣun, ó mọ ti Ẹlẹ́gbára, kò sì ní fi ọ̀kan dípò èkejì. Ṣùgbọ́n èdè Sípáníìṣì ló fi ń ná ọjà. Èdè Lukumí tí wọ́n fi ń kọrin, Yorùbá ayé ọjọ́un ni. Wọ́n há a sórí, wọ́n ń kọ ọ́, ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ti bọ́ sọnù. Ní 1936, Ortiz kó àwọn onílù bàtá jáde ní Havana síwájú àwọn tó wá gbọ́ àsọyé rẹ̀, kí àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn lè rí i. Ní 1962, wọ́n dá ẹgbẹ́ oníjó Conjunto Folklórico Nacional sílẹ̀, ẹgbẹ́ yẹn sì ti gbé ijó òrìṣà dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní Salvador, ní Bùràsílì, ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949 ń jó ìlù tí wọ́n ń pè ní ijexá. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń wí o, ẹ̀yin ará Iléṣà tó wà lára wa, ẹ kú oríire.

Ohun tó ń yà wá lẹ́nu nìyí. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbé lọ, tí wọn kò rí ọ̀nà padà wálé, pa ìlù mọ́ fún nǹkan bí igba ọdún, wọ́n sì pàdánù ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nítorí pé wọn kò ní ẹni tí wọn yóò bi. Àwa tí a lè wọkọ̀ lónìí kí a sì sùn sílé lọ́la, a ní ẹni tí a lè bi.

Ẹlòmíràn tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò ni Bàbátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì. Ìwé ló bá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950, sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse ní Atlanta. Ìlù ló wá sọ ọ́ di olókìkí. Àwo orin rẹ̀, Drums of Passion, jáde ní 1960, ó sì wọ inú ilé àwọn tí kò mọ ibi tí Nàìjíríà wà lórí máàpù. Ó lu ìlù níbi ìpàtẹ àgbáyé ní New York ní 1964, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Harlem, níbi tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ti ń kọ́ ìlù àti ijó. Ó kú ní California ní 2003. Bí Ọlátúnjí bá ń kọ́ni, ó ní ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́fà tó fi ń pe bí ọwọ́ ṣe ń bọ́ sórí awọ: gun, dun, go, do, pa, ta. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni. Ẹni tí kò rí ìlù rí, láàárín wákàtí kan, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa bá ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀ ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, ó jẹ́ kí wọ́n ní ohun tí wọn yóò gbé lé itan tí wọn yóò sì pè ní tàwọn. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró ni gun àti go àti pa, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ìró ni Amẹ́ríkà rí gbà, ọ̀rọ̀ kù sílé.

Ti King Sunny Adé kò gùn. Ó ṣe àwo Jùjú Music fún ilé iṣẹ́ Island ní 1982, ó gbé gángan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1983, kò sì yí èdè rẹ̀ padà nítorí wọn. Lẹ́yìn àwo kẹta, Aura, ní 1984, òun àti ilé iṣẹ́ náà pínyà. Ìlù kò tìtorí ìyẹn dákẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù ni Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ìlú àwọn onílù bàtá àti eléégún ni Ẹ̀rìn, kò jìnnà sí Òṣogbo. Láyé àtijọ́, ọdún egúngún, ọdún Ṣàngó, ìsìnkú àgbà àti àríyá ọba ni onílù bàtá fi ń jẹun. Bí ìlú ti ń gba ìmàle àti ìgbàgbọ́, àwọn tó ń pe bàtá sóde ń dín kù. Nígbà tí fújì àti jùjú gba òde, ìdílé dùndún rí ibi wọ̀ nítorí gángan, bàtá kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1981, Ulli Beier tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan dá Iwalewa-Haus sílẹ̀ ní Bayreuth, ní Jámánì, ilẹ̀kùn kan sì ṣí. Làmídì Àyánkúnlé, ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, lu bàtá níbẹ̀ àti káàkiri Yúróòpù. Rábíù Àyándòkun náà gbé tirẹ̀ lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí tó ti bá Dúró Ládípọ̀ ṣeré, tó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, kọ ìwé kan lórí dùndún àti òmíràn lórí bàtá. Bayreuth ni wọ́n ti tẹ méjèèjì jáde.

Ẹ tún wo orúkọ wọn: Làmídì, Rábíù, Múráínà. Àwọn kan wà láàárín wa níhìn-ín tó ń sọ pé mùsùlùmí kì í sún mọ́ ìlù ìbílẹ̀. A kò ní bá wọn jiyàn. A kàn ní kí wọ́n ka orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Obìnrin ọ̀mọ̀wé kan láti Amẹ́ríkà, Debra Klein, lọ gbé ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn, ó sì tẹ ìwé jáde ní 2007 lórí bí bàtá ṣe wọ ọjà àgbáyé. Ohun tó wà nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe kedere: ẹni tó ń jẹ́ kí onílù rówó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé kì í ṣe ọba àti ìjòyè nìkan mọ́, àlejò tó wá láti Jámánì tàbí Amẹ́ríkà ti wà lára wọn, òun ló sì máa ń wá owó ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ òyìnbó jókòó sórí àpótí, ó ń bẹ àgbà onílù kó tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ọmọ Yorùbá tó ń kọjá lọ ń pe àgbà kan náà ní alágbe.

Ẹ má sì rò pé ìgbádùn nìkan ló wà lọ́hùn-ún. Awọ ewúrẹ́ kò fẹ́ ọ̀rinrin. Bí ọjọ́ bá tutù, ó máa ń dẹ̀, ohùn á wá lọ sílẹ̀, onílù á máa wá iná tí yóò yá a. Àwọn aṣọ́bodè lè dá ìlù dúró nítorí awọ ẹran tó wà lára rẹ̀. Fíísà pàápàá ti le, nítorí àwọn kan ti bá ẹgbẹ́ eré lọ tí wọn kò bá wọn padà. Bí onílù bá wá dé orí ìtàgé, wọ́n á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Nílé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó láti fi júbà. Iná ńlá tàn sí i lójú, àwọn tó ń wò ó jókòó sínú òkùnkùn. Kò rí ojú ẹnikẹ́ni, kò mọ ọmọ ta ni wọ́n, kò sí oríkì tí yóò kì. Kò sí ẹni tí yóò dìde wá na owó lé e níwájú orí, tí òun náà yóò tìtorí ẹ̀ tú ìran olúwarẹ̀ palẹ̀. Iṣẹ́ onílù, ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí kò bá sí ènìyàn tó mọ̀, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣe eré Wọlé Ṣóyínká tó dá lórí ikú Ẹlẹ́ṣin Ọba, Death and the King's Horseman, ní National Theatre ní London ní 2009, Peter Badejo, ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ lẹ́nu ijó níbẹ̀, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nínú eré yẹn, ìlù kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ló ń pe Ẹlẹ́ṣin lọ sọ́run. Ẹni tó bá jó o láìmọ ohun tí ìlù ń bá a sọ ti ba eré jẹ́.

Ó wá kan àwa. Ojú irin dé Kánò ní 1911, ó sì gbé àwọn bàbá wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Abẹ́òkúta, Ìlọrin àti ibòmíràn. Nílé lọ́hùn-ún, Sábó ni wọ́n ń pe àdúgbò àwọn Haúsá. Níhìn-ín, àwa la wà ní Sábọ́ngàrí. Àwọn ọmọ tí a bí síbí ń sọ Haúsá lójà, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé sì jẹ́ àmúlùmálà méjèèjì. A kò kórìíra Haúsá o, òun la fi ń jẹun. Àwọn náà ní kàlàngú, tó fara jọ gángan wa bí ọmọ ìyá, tí àwọn alápatà wọn fẹ́ràn púpọ̀. Bí wọ́n bá ń lù ú lásìkò ọdún, ọmọ wa á máa bá wọn gbe orin rẹ̀ láìṣì. Níbi ayẹyẹ tiwa, a pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí lẹ́yìn tó jó dùndún tán. Ijó náà dára, a kò ní parọ́, ó jó ju àwa tí a bí sílé lọ. A bi í pé kí ni ìlù ń sọ fún un. Ó ní ó ń dún dáadáa.

Ẹ̀yin ará, kí ló yà á sọ́tọ̀ sí ará Bàlíìnì?

Bàbá onílù kan ṣoṣo ló kù fún wa ní àdúgbò wa tó lè ki ènìyàn lórí ìyáàlù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọ wọn kan ń wa ọkọ̀, èkejì ń tún fóònù ṣe, kò sí èyí tó gba kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọmọ burúkú. Ohun tí àwọn ọmọ náà rí ni pé wọ́n máa ń dá bàbá wọn dúró lẹ́nu géètì níbi àríyá títí oúnjẹ fi máa tán. Ọmọ wo ni yóò fẹ́ jogún ìyẹn? Bàbá yìí sọ fún wa pé nígbà mìíràn àwọn máa ń ki ìdílé kan fún odidi wákàtí, tí kò sí ẹnì kan nínú ìdílé náà tó gbójú sókè. Wọ́n ní àárẹ̀ tó máa ń mú àwọn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti apá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ wa, ó ní òun fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ wa lọ jó ní Yúróòpù, ní orúkọ ọmọ Yorùbá ìlú yìí. Ó mú fọ́ọ̀mù wá, ó mú àwòrán wá. Owó ni kí kálukú san fún aṣọ àti ìwé ìrìnnà, kí àwa sì kọ lẹ́tà tí wọn yóò fi gba fíísà. Àwọn màmá ti ń pàlẹ̀ ọjà mọ́ kí wọ́n lè rówó san. Ìbéèrè kan la bi í: onílù mélòó ló fẹ́ kó lọ? Ó ní oníjó ogún, pé ìlù wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ijó Yorùbá láìsí onílù! A kò fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ̀. Àwọn òbí kan sanwó fún un lẹ́yìn wa, títí di òní wọn kò tíì rí i. Àìsí onílù yẹn ló tú u fó. Ẹni tí kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ìlù kò lè mọ ibi tí ó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ.

A kò ní kí ọmọ wa má lọ sókè òkun. Bí Ọlọ́run bá ṣí ọ̀nà, kí wọ́n lọ, kí wọ́n jó, kí wọ́n sì rówó. Ohun tí ìpàdé àwọn àgbà fẹnu kò sí ni pé ẹgbẹ́ èyíkéyìí tó bá fẹ́ lo orúkọ wa gbọ́dọ̀ ní onílù tirẹ̀, oníjó kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ lè sọ ní Yorùbá, ní ẹnu ara rẹ̀, ohun tí ìlù wí fún un. Bó bá jẹ́ Jámánì ni wọ́n lọ, tí wọ́n bi wọ́n léèrè, kí wọ́n rí nǹkan fi fèsì.

Ìdí nìyí tí bàbá onílù wa fi gbà láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní gbọ̀ngàn ìpàdé wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun àsárì, títí di àṣálẹ́. Àpò ẹgbẹ́ ni yóò máa sanwó fún wọn lóṣooṣù, kì í ṣe ohun tó bá wu oníkálukú láti jù sílẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin ni a pè. Àwọn àgbà kan kùn nítorí ti obìnrin, a sì rán wọn létí Àrà, Aralọlá Olúmúyìwá, obìnrin tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ mọ́ ìlù gángan. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

Kò sí ọmọ tí yóò fọwọ́ kan ìlù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Bàbá ló ṣe òfin yẹn. Ohun tí wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú wá ni ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ sí, ti bàbá lápá kan, ti ìyá lápá kejì, kí wọ́n lè fi ẹnu kọ́ ọ kí wọ́n tó fi kọ̀ǹgọ́ kọ́ ọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ kò rántí tiyín tán, àwọn àgbà yín ṣì wà nílé. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago kí Sátidé tó pé, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ di fóònù mú.